Òbúkọ Tó Bá Wa Gba Ààwẹ̀

                                        Ilé Bàbá Igbẹ́kọ̀yí,
                                        Akparé, lẹ́bàá Atakpamé,
                                        Togo.
                                        Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 6 Oṣù Kẹrin, 2026.

Dúpẹ́ mi, ọ̀rẹ́ tó ju ìbátan lọ,

Kú ọdún Àjíǹde o! Kú ìyèdún, kú ojú lọ́nà. Báwo ni Abẹ́òkúta? Báwo ni ọkọ rẹ, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé Kẹ́hìndé ṣì ń bu Táyé jẹ? Ìyá ọkọ rẹ, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Àwa níbí, a wà, a yó, ohùn wa ti há nítorí orin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń dùn mí nítorí ẹ̀rín. Láti àná ni mo ti ń rẹ́rìn-ín tí n kò lè dákẹ́.

Ṣé o ti wo àdírẹ́sì tó wà lókè yẹn dáadáa? Padà lọ wò ó. Mo ní kí o padà lọ wò ó! Ilé Bàbá Igbẹ́kọ̀yí ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí ẹní, lábẹ́ igi máńgòrò tí èmi àti ìwọ ti jábọ́ lórí rẹ̀ nígbà èwe. O ní n kò gbọdọ̀ fi fóònù sọ ìròyìn ìgbéyàwó mi, pé ìwé ni o fẹ́, èyí tí o lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí. O sì ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá ti ọ̀dọ̀ yín kí ọkọ rẹ lè kà á, torí pé èdè Ifẹ̀ tiwa máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ó jókòó, kí ó wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni lóòótọ́, àmọ́ òun ni bàbá tí mo mọ̀. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹ. Oyin ni ó sọ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí mo di Colette, kò tíì fi ẹnu rẹ̀ pè mí ní orúkọ kankan. Kò lù mí, kò ṣépè. Ó ń bọ Ògún bàbá rẹ̀, ó rò pé mo kẹ̀yìn sí ilé, ó sì yíjú kúrò lára mi. Bí mo bá kí i, ẹni tó dúró tì mí ni yóò dá lóhùn. Ìyẹn ló gbé mi dé ilé Tanti Lọ́lá, àǹtí inú ìjọ wa, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹbí Philippe àfẹ́sọ́nà mi gbéra láti Notsé wá tọrọ mi, Bàbá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tán, ó wá ní, "Ẹni tó bu omi sí i lórí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti lọ tọrọ rẹ̀." Ará Ewe ni wọ́n, ènìyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé ọtí wọn, wọ́n padà sílé bí ẹni tí adájọ́ ti dá ẹjọ́ fún.

Fadá Eugène ní kí n má dààmú, pé ìjọ ni yóò fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, àmọ́ ọkàn mi kò gbà. Ìjọ kò mọ̀ pé mo máa ń sá fún alángbá. Bàbá ló mọ̀. Mo sọ fún Philippe pé bí kò bá jẹ́ Bàbá ló fà mí lé e lọ́wọ́, n kò mọ ẹsẹ̀ tí n ó fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Philippe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Atakpamé, àmọ́ ìṣirò yìí kò yanjú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Karẹ́mù, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní Lẹ́ńtì, ti bá wa. Fadá ní lọ́dún yìí àdúrà nìkan kò tó, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ilé kan tí yóò máa sìn títí di Àjíǹde. Àwọn kan yan ìyá arúgbó tí kò ríran mọ́, àwọn kan yan kànga ilé ìwé. Ni Tanti Lọ́lá, olórí àdúgbò tiwa, bá dìde lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ilé Bàbá Igbẹ́kọ̀yí ni tiwa: ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti wó, òrùlé ilé ìdáná ti ṣí, òjò sì ń bọ̀. Mo fà á láṣọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní Jésù kò sọ pé kìkì ẹni tó bá ń kí wa ni kí a sìn.

A jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹran kò ní kan ẹnu wa títí di Àjíǹde, àti pé lọ́jọ́ Ẹtì a kò ní jẹun àyàfi bí oòrùn bá wọ̀. Tanti Lọ́lá wá fi òfin tirẹ̀ lé e. Ìhìnrere Ọjọ́rú Eléérú ti wọ̀ ọ́ lára: ẹni tó ń gbààwẹ̀, kí ó bọ́jú, kí ó fi òróró para, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé à ń gbààwẹ̀, ẹni náà ti fọ́ ààwẹ̀ gbogbo wa. Fi òfin yìí sọ́kàn o, Dúpẹ́, torí òun ló fẹ́ pa wá.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, a rin Ọ̀nà Àgbélébùú láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ẹnu ọ̀nà Bàbá, tọkùnrin tobìnrin, ọkọ́ àti àdá léjìká, agbada amọ̀ lórí. Ibi tí a bá ti dúró gbàdúrà, gbogbo wa á kúnlẹ̀ tọkọ́ tọkọ́. Àwọn tó ń fi zémì, ọ̀kadà tiwa, gbé èrò lọ sí Atakpamé dúró, wọ́n ní ṣé ìjà ilẹ̀ ló bẹ́ sílẹ̀ ni. Roméo, tí òun náà ń gun zémì, tí ara rẹ̀ sì tó ti ènìyàn méjì, dá wọn lóhùn pé àdúrà ni. Wọ́n ní àwọn kò rí àdúrà tó gbé àdá rí.

Bàbá jókòó sábẹ́ máńgòrò yìí, ó wò wá títí a fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tanti Lọ́lá kúnlẹ̀, ó ní a wá bá a mọ ògiri.

"Ọ̀wẹ̀ ni?" Bàbá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ọ̀wẹ̀ ni."

Ojú rẹ̀ là! Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí a bá ṣe é fún gbọ́dọ̀ bọ́ wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lè gbórí sókè láàrin ẹgbẹ́. Bí àwa náà bá kọ oúnjẹ rẹ̀, a ti sọ fún un pé ilé rẹ̀ kò yẹ ní jíjẹ. Ó dìde, ó wọlé. Àwa bọ́ sídìí iṣẹ́, à ń po amọ̀, à ń mọ ọ́n, à ń kọrin. Inú wa dùn débi pé a kò gbọ́ igbe òbúkọ. Ẹyọ òbúkọ tó ní nìyẹn, Dúpẹ́. Kò ní òmíràn.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Bàbá gbé àwo ẹ̀dọ̀ sísun jáde, pẹ̀lú ata tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìgò sódàbì, ògógóró tiwa, lábíyá. Ìkòkò ńlá ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn yẹn! Ó yà mí lẹ́nu pé kò dé ọ̀dọ̀ yín ní Abẹ́òkúta. Irọ́ tí a pa níbẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì wá, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí Àgbélébùú dé. Tanti Lọ́lá ní eyín ń dun òun, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti yọ eyín náà láti ọdún tó kọjá. Ẹnì kan ní òun ti jẹun yó wá láti ilé. Ẹnì kan ní inú ń run òun. Roméo wá ní láti ìgbà tí ìyá òun ti bí òun, òun kò jẹ ewúrẹ́ rí. Roméo! Ẹni tí gbogbo wa rí níbi ọdún iṣu, tó di itan ewúrẹ́ mú bí ìwé orin!

Ojú Bàbá ṣú. Ó gbé àwo náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Ẹ rò pé mo ti fi bọ Ògún kí n tó gbé e fún un yín. Ẹ lè bá mi po amọ̀, ẹ ò lè bá mi jẹun. Àánú lẹ wá ṣe mi, ẹ ò wá ṣe ọ̀wẹ̀."

Ó mú àdá rẹ̀, ó fi dábùú ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó ní ẹni tí kò bá tíì jẹun kò ní ré e kọjá. A dúró. Oòrùn ń pa wá, ebi ń pa wá, ìtìjú ń pa wá. Tanti Lọ́lá ń wolẹ̀, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò dùn ún mú. Mo wò ó pé bí a bá fi ilé yẹn sílẹ̀ báyìí, Bàbá kò ní ṣíjú wò mí mọ́ láyé. Ni mo bá kúnlẹ̀ sínú amọ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Ààwẹ̀ là ń gbà. A ò gbọdọ̀ jẹ ẹran títí di Àjíǹde, ẹran yín ò lábùkù. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ni."

Kò wò mí. Tanti Lọ́lá ni ó yíjú sí. "Lọ́lá, kí ni ọmọ yìí ń wí?"

Tanti tún gbogbo rẹ̀ sọ.

"Èèwọ̀ yín ni, àbí?"

"Èèwọ̀ wa ni, Bàbá. Ọjọ́ Àjíǹde ni yóò tú."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín! Irú ẹ̀rín àtijọ́ tó máa ń jẹ́ kí adìyẹ sá lọ. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi tí n kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí a tó ṣọdún rẹ̀, èmi lẹ wá ń fi èèwọ̀ pamọ́ fún? Èèwọ̀ tí ènìyàn ò bá sọ, òun ni wọ́n máa sè fún un jẹ! Lọ́lá, sọ fún ọmọ yẹn kó dìde nínú amọ̀, kí otútù má mú un lórúnkún."

Àmọ́ ọ̀wẹ̀ ni ọ̀wẹ̀. Ẹran tí wọ́n pa fún òṣìṣẹ́, onílé kò gbọdọ̀ ṣáájú wọn jẹ ẹ́. Bàbá ní kí a kó gbogbo ẹran kúrò nínú ìkòkò, a tò ó sórí àwọ̀n irin lókè ààrò, ó ní òun ó máa yan án títí ọjọ́ tí èèwọ̀ wa bá tú. Ó ní òbúkọ náà ti wọ inú ààwẹ̀ nìyẹn.

Bí a ṣe gba Karẹ́mù pẹ̀lú òbúkọ nìyẹn o! Lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, kí a tó fọwọ́ kan amọ̀, Bàbá á kọ́kọ́ mú wa lọ bẹ ẹran wò, kí a lè fojú ara wa rí i pé kò dín. Ó ń lé ológbò, ó ń lé ọmọ aráalé, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́ tí à ń ka rosárì, èéfín ẹran á máa fẹ́ sí wa nímú. Roméo ní inú aginjù tí Jésù ti gbààwẹ̀, òkúta ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yan ẹran síwájú rẹ̀. Tanti Lọ́lá fi rosárì nà án lọ́rùn, àmọ́ mo rí i tí òun náà ń dá itọ́ mì.

Philippe ń wá láti Atakpamé bí kíláàsì bá ti parí, á ká ṣòkòtò sókè, á máa fẹsẹ̀ po amọ̀. Bàbá á wò ó títí, kò ní sọ nǹkan. Èmi náà, kò bá mi sọ nǹkan. Bí mo bá ru omi tó wúwo, á ní, "Lọ́lá, sọ fún ọmọ yẹn kó dín in kù." Bí mo bá dá orin, á ní, "Lọ́lá, ọmọ yẹn ti ṣi orin náà." Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in, àmọ́ ó ń dùn mí, Dúpẹ́, ó ń dùn mí gan-an. Ògiri dúró, òrùlé bò, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ dé. Wọ́n ti ń kéde ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku ìkéde ìkẹyìn, Bàbá kò sì tíì pè mí.

Ó wá di àná. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta, gbogbo ènìyàn ń dán. A ti kọ Alelúyà dé àárín nígbà tí mo rí i tí àwọn orí ń yí sẹ́yìn. Mo wẹ̀yìn. Bàbá Igbẹ́kọ̀yí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ òkè rẹ̀, pẹ̀lú agbada ẹran lórí! Ó ní èèwọ̀ ti tú, òun gbé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ òun wá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, ó ní òun kò wá jókòó. Òórùn ẹran yíyan gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó bo tùràrí mọ́lẹ̀. Fadá gan-an gé ìwàásù kúrú.

Nígbà tí a gba Ara Olúwa tán, ìkéde kàn. Fadá kà á ní Faransé, katekíìsì ń tú u sí Ifẹ̀: Philippe ará Notsé fẹ́ fẹ́ Colette ará Akparé, bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ó sọ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. A máa ń kà á kí a lè kọjá lọ ni. Àfi Bàbá, tó gbà pé bí àgbà bá bi ni léèrè, èsì ló ń fẹ́. Ó wúkọ́.

"Ìdí wà," ó ní.

Gbogbo orí tún yí sẹ́yìn. Mo di àga mú. Fadá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Kí ni ìdí náà, Bàbá?"

Bàbá sọ agbada kalẹ̀ kí ó lè rí ọwọ́ fi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ ọmọ mi. Wọ́n wá, mo lé wọn. Bàbá wo ni kì í kọ́kọ́ lé ni? Nígbà tí mo lọ tọrọ olóògbé ìyàwó mi, tó bá mi tọ́ ọmọ yìí, wọ́n lé mi, mo padà lọ, wọ́n lé mi, mo padà lọ, títí ó fi sú wọn. Àwọn wọ̀nyí gbé ọtí wọn, wọn ò bojú wẹ̀yìn! Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń gbálẹ̀ dè wọ́n. Ọyẹ́ ti lọ, òjò ti dé. Ọmọ tí mo tọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ló tó ni?"

Dúpẹ́! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sunkún lábẹ́ ìbora, ó ń retí wọn! Nígbà náà ni ariwo sọ. Philippe, tí wọn kì í dọ̀bálẹ̀ nílé wọn, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, já jáde láàrin àwọn akọrin nínú aṣọ funfun ọdún rẹ̀, ó nà gbalaja níwájú Bàbá, ó dojú bolẹ̀ pátápátá bí ẹja tí wọ́n sá.

"Bàbá, mo padà wá," ó ní.

"Lọ́wọ́ òfo?"

Ọwọ́ òfo ni lóòótọ́! Ta ní ń gbé ọtí lọ sí Máàsì? Tanti Lọ́lá ló kó wa yọ. Ó fa ìgò omi tí Fadá yà sí mímọ́ lálẹ́ àìsùn Àjíǹde jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ki í bọ Philippe lọ́wọ́, Philippe sì gbé e sókè láti ilẹ̀ tó wà. Bàbá bi í pé ọtí wo nìyẹn.

"Omi ni, Bàbá," ni Tanti wí. "Irú èyí tí wọ́n bù sí i lórí."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ta ló ní kó sọ ìyẹn? Bàbá wo omi náà. Ó gbà á yẹ̀wò sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. "Omi tútù," ó ní níkẹyìn. "Ẹ̀rọ̀ ni." Ó wá gbójú sókè. Kò wo Tanti Lọ́lá. Kò ní kí Lọ́lá sọ fún ọmọ yẹn. Èmi ni ó wò.

"Oyin," ó ní, "ṣé kí n gbà á?"

Ẹkún ló jáde lẹ́nu mi. Mo fi orí dáhùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì dáhùn, gbogbo obìnrin àdúgbò wa bá mi kígbe pé, "Ẹ gbà á, Bàbá, ẹ gbà á!" Ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu díẹ̀, ó bu èyí tó kù sí Philippe lẹ́nu níbi tó sùn sí. Fadá ní lójú tòun, kò sí ìdíwọ́ kankan mọ́, kí a máa lọ ní àlàáfíà. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Ìdí agbada ẹran ni gbogbo wa lọ, àwa òṣìṣẹ́ ṣáájú, Bàbá tẹ̀lé wa. Roméo tí kì í jẹ ewúrẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ fà á kúrò nídìí rẹ̀.

Lánàá náà ni mo kó ẹrù mi padà síbí, torí Bàbá ní ìyàwó kì í ti ilé onílé jáde. Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn ẹbí Philippe yóò tún gbéra láti Notsé. Bàbá ti ń dán ohùn tí yóò fi lé wọn wò. Mo ti kìlọ̀ fún wọn lórí fóònù pé wọn kò gbọdọ̀ lọ, kí wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi sú u. Sátidé tó tẹ̀lé e ni ìgbéyàwó. Wá o! Bí o kò bá wá, n kò ní bá ọ ṣe mọ́. Itan òbúkọ kan wà lókè ààrò níbí tí Bàbá fúnra rẹ̀ bù sọ́tọ̀ fún ọ, ológbò sì ti ń wò ó.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí ó máa fi epo gbígbóná ra ẹ̀yìn yẹn. Kí ìyá rẹ̀. Fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, kí o sọ fún Kẹ́hìndé pé Tanti rẹ̀ ní kó fi eyín dúró de ẹran ìyàwó.

Bàbá ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Oyin!" Mo gbọ́ o, àmọ́ n kò tíì dáhùn. Jẹ́ kó tún un pè. Ọmọ tó tọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ló tó ni?

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́, lọ́jọ́ ẹkún àti lọ́jọ́ ẹ̀rín,

                                        Oyin.